Ọwá Ajímókò Kìíní ti Iléṣà

Bí ènìyàn bá gun Òkè Fìà ní ìlú Òṣogbo lónìí, yóò rí ilé gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀. Láti irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ ìròyìn àwọn àjọ tí a dá sílẹ̀ kí ọrọ̀ ajé agbègbè lè gbèrú. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ tó wà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí ń gbé Èkó ti pa owó àti ọgbọ́n wọn pọ̀ nítorí ilẹ̀ baba wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Kúmókùn ni orúkọ rẹ̀, ìdílé ọba ni a sì gbé bí i ní Iléṣà. Ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá rójú ní ìgbà èwe rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ń mú ọmọ ènìyàn bí ẹni ń mú adìyẹ, bí a bá sì mú ẹni kan tán, ojú ọjà ẹrú ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Kúmókùn, tí wọ́n tà á lẹ́rú, tí ó fi di èrò òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ etí òkun ní ìgbà náà a máa gba irú àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Kúmókùn ti di òmìnira, tí ó di Onígbàgbọ́, tí ó sì gba orúkọ Frederick Haastrup. Orúkọ òyìnbó ajíhìnrere kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Sàró ni Haastrup. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí orúkọ yìí lára àwọn ọmọ ọba Iléṣà, kí ó má ṣe rò pé òyìnbó ni baba ńlá wọn.

Nígbà tí ó ṣe, ó padà wá sí Èkó, ó ń ṣòwò, ó sì lówó lọ́wọ́. Ó bá àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà mìíràn pàdé níbẹ̀, àwọn kan ti Sàró dé, àwọn kan sì ti Bràsíìlì dé. Nínú wọn ni Philip Jose Meffre, Gureje Thompson àti Peter Apara wà. Wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, èyí tí a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ jẹ wọ́n lógún ni ọ̀nà. Ìlú tí kò ní ọ̀nà kò lè tajà, kò sì lè ra ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá ló di ọ̀nà etí òkun mú, bí inú wọn bá sì ru, wọn a tì í pa. Ní ọdún 1870, àwọn Ìbàdàn kó Iléṣà, àwọn àjẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn ènìyàn lára. Nígbà tí Glover, alákòóso Èkó, ṣí ọ̀nà tí ó gba Oǹdó kọjá ní ọdún 1872, àǹfààní ńlá ni ó jẹ́ fún àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀nà yìí ni ẹrù òwò gbà dé oko, òun náà sì ni ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ará Èkó ń fi ránṣẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ Ògèdèǹgbé, nígbà tí ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1878. Ogun náà pẹ́ púpọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Ní ọdún 1896, ipò ọba ṣófo ní Iléṣà, wọ́n sì fi Haastrup jẹ Ọwá. Ajímókò ni orúkọ oyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí a ti tà lẹ́rú rí, tí ó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀, tí ó ń ka Bíbélì, òun ni yóò wá jókòó lórí ìtẹ́ tí gbogbo orò ìlú yí ká! Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ilẹ̀ náà, ìlú sì nílò ẹni tí ó mọ ọ̀nà àwọn òyìnbó, tí ó sì tún jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé ọba.

Irú ìlú wo ni ó bá? Ogun ti sọ oko di igbó, àwọn ènìyàn sì ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti sá lọ àti láti oko ẹrú. Gbogbo wọn ni ó ń wá ohun tí wọn yóò tà. Ní àkókò yìí gan-an ni owó rọ́bà dé. Àwọn ènìyàn ya wọ inú igbó, wọ́n ń dá igi ìrẹ́ lọ́gbẹ́ káàkiri láti gba oje rẹ̀. Owó náà yá, kò sì gba làálàá púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dá àwọn igi náà lọ́gbẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì kú, nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, òwò náà ti fọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Ọwá Ajímókò gbà. Àwọn ará Èkó ti ń gbin kòkó láti nǹkan bí ọdún 1880, ó sì mọ iṣẹ́ náà. Ìtàn fi yé wa pé ọdún tí ó jọba náà ni ó mú irúgbìn kòkó wá sí Iléṣà, tí ó sì ń rọ àwọn ìjòyè kí wọ́n gbìn ín. Apara, ẹgbẹ́ rẹ̀, náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìn ín. Kí ẹ̀yin tí ń kàwé yìí rò ó wò: kòkó kì í so títí di bí ọdún márùn-ún. Ta ni yóò fi rọ́bà tí ń mówó wọlé lónìí sílẹ̀, kí ó máa ro oko igi tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú kò tíì jẹ èrè rẹ̀ rí? Àwọn tí ó gbọ́ràn kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà rẹ̀ náà ni Ògèdèǹgbé jẹ oyè Ọbańlá, ní ọdún 1898, tí ológun fi di ìjòyè nínú ìlú tí ó ti rójú.

Ní oṣù Mẹ́ta ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Ọwá Ajímókò wàjà, nígbà tí àwọn kòkó tí a gbìn ní ọdún tí ó jọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tó so. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1907, ojú irin dé Òṣogbo. Láti Iléṣà sí ibẹ̀ kò ju bí ogún máìlì lọ, ọ̀nà náà sì wá kún fún àwọn alárùú tí ń ru kòkó lọ sí ibùdókọ̀.