Louis Hunkanrin: Ìgbèkùn kò pa á lẹ́nu mọ́

Àjàṣẹ́, tí à ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí Louis Hunkanrin sí ní ọdún 1886. Olùkọ́ ni. Nígbà náà, àwọn Faransé ni ó ń ṣe ìjọba Dàhòmì. Hunkanrin rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aráàlú, ó sì ń kọ ọ́ jáde. Ní ọdún 1920, ó dá ìwé ìròyìn *Le Messager Dahoméen* sílẹ̀ ní Paris.

Ní ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba fi kún. Ìjọba ní Hunkanrin ni ó wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n lé e lọ sí aṣálẹ̀ Mòrìtáníà fún ọdún 10. Níbẹ̀, ó rí àwọn ẹrú, ó sì tún kọ̀wé láti gbèjà wọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún lé e lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí. Ọdún 1947 ni ó tó padà wálé. Ó kú ní ọdún 1964, lẹ́yìn tí Dàhòmì ti gba òmìnira.

Lónìí, rédíò ń sọ̀rọ̀ títí dé Parakou. Bí a bá pa oníròyìn lẹ́nu mọ́, aráàlú kò ní mọ ohun tí a ń fi owó orí rẹ̀ ṣe.