HERBERT MACAULAY, ỌMỌ-ỌMỌ ARÁ ÒṢOGÙN LÁRA OWÓ NÁÍRÀ KAN

Láyé ìgbà tí náírà kan ṣì jẹ́ owó bébà, kò sí ọjà kan láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn tí ojú Herbert Macaulay kò wọ̀. Àwa ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń fi í ra iyọ̀, a sì ń gbà á lórí ẹ̀lùbọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Òkè-Ògùn ń bẹ lára bàbá onírunmú yìí. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ìyá rẹ̀. Òṣogùn, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n sì ti kó Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821.

Èkó ni a bí Macaulay sí ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, ó sì di awọnlẹ̀ ìjọba. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898, òun àti àwọn aláṣẹ òyìnbó di eku àti ológbò. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ilẹ̀ Àpápá. Ó bá Olóyè Àmódù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ sì wáyé ní 1921 pé kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bí ẹni tó rà á lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, ní 1913 àti 1928. Ti àkọ́kọ́ dá lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọlé ìbò l'Ékòó, òun fúnra rẹ̀ kò lè du ipò. Ó di ààrẹ NCNC ní 1944. Bí ó ti ń rin ìrìn-àjò ẹgbẹ́ náà kiri ni àìsàn kọlù ú ní Kánò. Ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1946.

Ẹni tí wọ́n torí owó jù sẹ́wọ̀n, ara owó náà ni ìjọba wá ya ojú rẹ̀ sí! Wọ́n kéde rẹ̀ ní akọni orílẹ̀-èdè ní 1978. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1979, òun gba náírà kan, Balewa gba márùn-ún, Alvan Ikoku gba mẹ́wàá. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, mílímítà 151 sí 78. Àwọ̀ ni ẹni tí kò mọ̀wé fi ń dá wọn mọ̀. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba pa àwọ̀ wọn dà nítorí àwọn tó ń kó náírà sọdá ẹnubodè. Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí fún àwa tí a kò jìnnà sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ní 1991 ni náírà kan di owó onírin. Ojú Macaulay ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aláta kan lónìí tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ.