Dókítà Tó Ń Béèrè Iṣẹ́ Ọwọ́ Aláìsàn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bernardino Ramazzini

Àwọn baba wa máa ń sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ kan náà tó ń lé ìṣẹ́ lọ lè mú àìsàn wọlé. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tó fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tó ti kú, síbẹ̀ òun ni wọ́n ṣì ń pè ní baba ẹ̀kọ́ ìlera lẹ́nu iṣẹ́. Bernardino Ramazzini ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1633 ni wọ́n bí i ní Carpi, ìlú kékeré kan nítòsí Modena, ní àríwá Ítálì. Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà Jesuit ló ti kọ́kọ́ kàwé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí yunifásítì ìlú Parma, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì gboyè ní 1659. Ó lọ sí Róòmù láti túbọ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà dókítà, kó tó di dókítà ní àwọn ìlú kéékèèké ní agbègbè Viterbo. Ibẹ̀ ni ibà ti kọ lù ú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti padà sílé, sí Carpi. Ní 1671 ó kó lọ sí Modena. Àwọn dókítà tó bá níbẹ̀ kò fi tọwọ́tẹsẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ó tẹra mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì yé kàwé.

Ní 1682, Dúúkù Francesco Kejì tó ń ṣàkóso Modena tún yunifásítì ìlú náà dá sílẹ̀. Ramazzini ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìgbà tí àwọn mìíràn ń ronú ìsinmi ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí àrùn kan jà láàárín àwọn ará oko ní 1690, ó kọ ìwé lé e lórí. Ó tún kọ ìwé nípa àwọn kànga Modena. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá kò ti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wá. Inú ṣáláńgá ló ti wá.

Ó jẹ́ àṣà ní Modena pé ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa ń kó ẹ̀gbin inú ṣáláńgá ilé kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ilé Ramazzini ni ó kàn. Ó dúró, ó ń wo ọ̀kan nínú àwọn agbépóò náà, ó rí i bó ṣe ń fi ìkánjú ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, ó sì bi í léèrè ìdí tí kò fi rọra ṣe é. Ọkùnrin náà gbójú sókè láti inú ihò náà, ó ní ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ ohun tó ń ná ènìyàn, pé bí òun bá fi lé ní wákàtí mẹ́rin níbẹ̀, ojú òun lè fọ́. Nígbà tó jáde, Ramazzini yẹ ojú rẹ̀ wò, ó rí i pé ó pọ́n, ó sì ṣe bàìbàì. Ó béèrè oògùn tí wọ́n ń lò sí i. Ọkùnrin náà ní àwọn kì í lo nǹkan kan ju pé kí àwọn lọ sílé, kí àwọn ti ara àwọn mọ́ inú yàrá tó ṣókùnkùn di ọjọ́ kejì, kí àwọn sì máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ojú. Láti ìgbà náà ni Ramazzini ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àwọn tó ń ṣagbe ní ìgboro Modena. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibi iṣẹ́ àwọn ènìyàn lọ, kódà àwọn ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí. Ó rí àwọn amọ̀kòkò tó ń lo òjé láti mú ìkòkò dán: ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, eyín wọn á sì máa yọ. Ó kọ nípa àwọn tó ń fi mákúrì àti wúrà ṣiṣẹ́, àwọn awakùsà àti agbẹ́kùúta tí eruku ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, àwọn alágbàfọ̀, alábàárù, agbẹ̀bí, aránṣọ àti àgbẹ̀. Ní ọdún 1700 ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Látìn, De Morbis Artificum Diatriba, ìyẹn ìwé lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ tó mẹ́nu bà lé ní ogójì. Kì í ṣe àrùn nìkan ló kọ, ó kọ ọ̀nà àbò pẹ̀lú: kí ènìyàn bo ojú àti imú, kó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí eruku ń gbà, kó máa wẹ̀, kó má ṣe ju agbára rẹ̀ lọ.

Láti ayé Hippocrates ni àwọn dókítà ti ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi aláìsàn. Ramazzini fi ẹyọ kan kún un: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ó sì gba dókítà nímọ̀ràn pé bó bá wọ ilé tálákà, kó fà àpótí onígi jókòó bí ẹni tó jókòó sórí àga wúrà, kó fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn.

Kò gbàgbé àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ohun mẹ́ta ló ń ṣe àwọn akọ̀wé léṣe: ìjókòó láìdìde, ọwọ́ tó ń ṣe ohun kan náà láìdúró, àti ọkàn tí kò ráyè sinmi. Ẹ wo ara yín nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, bóyá ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ló ń bá wí.

Inú ìwé náà kan náà ló ti sọ ìtàn ará ìlú Finale kan tó pe oníṣòwò kan lẹ́jọ́ nítorí èéfín olóró tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ náà mú ẹ̀rí dókítà wá, ó sì mú ìwé tí ìjọ fi ń kọ orúkọ àwọn òkú sílẹ̀ wá, tó fi hàn pé àwọn tó ń kú ní àdúgbò náà pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, oníṣòwò ló jàre. Ramazzini kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò fúnra wọn.

Ní ọdún 1700 yìí náà ni wọ́n pè é sí yunifásítì Padua, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù ní Yúróòpù. Ibẹ̀ ni ojú tirẹ̀ gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọba Venice tó ni yunifásítì náà kò gbà. Wọ́n tilẹ̀ tún gbé e ga sí i. Ní 1713, nígbà tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ jáde, ó sì fi iṣẹ́ mìíràn kún un, ó wá lé ní àádọ́ta. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, 1714, ó ń múra láti lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dí i lọ́pọlọ. Ọjọ́ náà ló kú.

Màmá mi ń dín gàrí. Ọdún tí mo wọlé sí yunifásítì ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń ṣomi. A lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta, oògùn ojú ni wọ́n ń fún wa. Kò sẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera àwùjọ náà kò sì ronú kàn án. Ìgbà tí mo ka ìtàn agbépóò Modena yìí ni mo tó rántí èéfín ààrò. A ti gbé ààrò náà síta báyìí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Nínú Deutarónómì 22:8, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn onílé. Ẹ̀yin tí ẹ máa di dókítà, ẹnjiníà, agbẹjọ́rò àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ́la, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti dé ibẹ̀, òrùlé yín ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní họ́stẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bi wọ́n léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń ṣe wọ́n lára. Ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń béèrè. Àmín.