Sheikh Adam Al-Ilori: Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀, Ọkàn Rẹ̀ A Balẹ̀



Ojú irin kan gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé ìgbà tí rélùwéè ń kó èrò àti ẹrù ní àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Bí èèyàn bá tẹ̀lé ojú irin yìí lọ sí ìsàlẹ̀, yóò gba Òṣogbo, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta dé Agége àti Èkó. Bó bá tẹ̀lé e lọ sókè, yóò gba Ọ̀fà dé Ìlọrin, títí dé Kánò. Ìdí tí a fi mẹ́nu bà á ni pé ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, etí ojú irin yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ àti èyí tó ti kọ́ àwọn èèyàn wà. Òun ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀.

Ohun tó mú wa rántí rẹ̀ ni ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá ní agbègbè wa yìí lẹ́yìn wáásí. Kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bèèrè mọ́. Wọ́n á ní ọmọ àwọn jáde ilé-ìwé, ó parí kéwú, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, inú fóònù ló ń wò, ó ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ra mọ́tò, ó ń wo ẹni tó kọ́lé, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀. Àwọn òbí mìíràn ti yọ ọmọ kúrò ní ilé-kéwú pátápátá, wọ́n ní kò sówó ńbẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ mọ̀: báwo ni ayé ọmọ ènìyàn ṣe ń yẹ ẹ́ dénú, tí kì í ṣe ti ojú ayé lásán?

Onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Abraham Maslow, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ aláìsàn ọpọlọ wò kí wọ́n tó sọ bí ọkàn ẹ̀dá ṣe rí, ṣùgbọ́n òun yàn láti wo àwọn tí ọkàn wọn le koko, tí wọ́n sì lo ẹ̀bùn wọn dáadáa. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1954, ó ka àwọn ìwà tó rí lára wọn. Wọ́n ń rí ayé bó ṣe rí. Wọ́n gba ara wọn bí wọ́n ṣe jẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ kan tó ju ìfẹ́ inú tiwọn lọ. Wọ́n lè dá wà láìkáàárẹ̀, ariwo ọjà kì í sì í yí wọn lọ́kàn padà. Ó tún sọ pé wọ́n ní àléébù bíi ti gbogbo ènìyàn. Àwa Mùsùlùmí ti mọ̀ nípa ẹ̀mí tó balẹ̀ láti inú Àlùkùránì. Ọlọ́hun nìkan ló mọ inú ẹ̀dá, a ò lè jẹ́rìí ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìṣe hàn sí gbogbo ayé, ìṣe Sheikh yìí sì ni a fẹ́ wò.

Ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní Wasa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin Republic lónìí. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, àáfà sì ni. Ọwọ́ bàbá yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ kéwú. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sọ́dọ̀ Sheikh Salih Esinniobiwa ní Ìbàdàn. Ó gba ọ̀dọ̀ Sheikh Umar Agbaji ní Èkó, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ Sheikh Adam Namaji, ọmọ Kánò. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó ti kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ kan ì bá ti tẹ́ ẹní tirẹ̀, kó máa gba sàárà. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé àti ibi tí kò dé, kò sì tijú láti tún di ọmọ kéwú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1946, nígbà tó di ọmọ ọdún 29, ó rin ìrìn àjò lọ sí Íjíbítì. Ohun tó wù ú níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn, àwọn ọmọ kéwú a jókòó sílẹ̀ yí àáfà ká, kálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, kò sí kíláásì, kò sí àkókò kan pàtó tí ẹ̀kọ́ ń parí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lè ka Àlùkùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí kò gbọ́ ìtumọ̀ ìlà kan. Ìṣòro yìí ló di iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ọdún 1952 ló dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì kó o lọ sí Agége ní 1955. Ó gbé bẹ́ǹṣì àti pátákó ìkọ̀wé wọ inú kéwú. Ó pín àwọn ọmọ sí kíláásì, ó ya àkókò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe ìdánwò, ó sì ń fún ẹni tó yege ní ìwé-ẹ̀rí. Ó kọ́ wọn ní èdè Lárúbáwá gẹ́gẹ́ bí èdè, kí ọmọ lè gbọ́ ohun tó ń kà, kó sì lè fi èdè náà sọ̀rọ̀.

Gbogbo àáfà kọ́ ló fẹ́ èyí. Lójú àwọn kan, ó ń sọ kéwú di ilé-ìwé òyìnbó. Ọ̀rọ̀ irú yìí lè mú ọ̀dọ́ àáfà ká iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá bó bá ti ẹnu àgbà wá. Sheikh kò ká a sílẹ̀. Síbẹ̀, kò tìtorí àtakò fojú tín-ínrín àwọn tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ìtàn Ìsìláàmù àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá wà lára ohun tó fi ìwé kọ, kí orúkọ wọn má bàa parẹ́. A rí ẹ̀kọ́ ńlá kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ le lè tún ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ṣe láìbú bàbá.

Ìwé tó kọ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Ó wà nínú wọn èyí tó kọ lórí Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti lórí Sheu Usman dan Fodio, ó sì kọ èyí tí àwọn ọmọ kéwú ń lò ní kíláásì. Ó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Agége kí ìwé má bàa wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi àárín èrò kọ ìwé. Ẹni tó bá máa kọ́ ọmọ, tó máa ṣe wáásí, tó tún máa kọ tó báyìí, ó gbọ́dọ̀ lè dá jókòó ti tàdáwà àti ìwé láìwá ẹni tó máa yìn ín.

Nígbà tí àwọn Lẹ́mọ́mù àti àáfà ilẹ̀ Yorùbá kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ipò akọ̀wé àgbà ni Sheikh dì mú. Iṣẹ́ akọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ orí ìtẹ́. Ẹni tó ń ṣe é ló ń ṣe làálàá, ẹlòmíràn ló ń jókòó síwájú. Ẹni tí inú rẹ̀ kún kì í du àga.

A ò ní sọ pé kò ní àléébù. Ohùn rẹ̀ le bí àríyànjiyàn ẹ̀sìn bá dé. Ó fi ẹnu àti kálàmù kojú àwọn Ahmadiyya àti àwọn mìíràn tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kò túmọ̀ sí kí gbogbo ayé fẹ́ràn ẹni.

Ọdún 1992 ni Ọlọ́hun gba ẹ̀mí rẹ̀, nígbà tó di ẹni ọdún 75. Ogójì ọdún ló fi tọ́ Markaz, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì bá a lọ sí sàréè. Àwọn tó kọ́ ti fọ́n ká ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì dá ilé-kéwú tiwọn sílẹ̀. Bí ọmọ bá jókòó sí kíláásì kéwú lónìí ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù, tó ń wo pátákó, tó ń múra ìdánwò sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá Sheikh yìí jà sí ló ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè yín. Ọmọ ọdún 35 ni Sheikh kó tó dá Markaz sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22 ni wọ́n ti fi í wé ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ì bá ní kò tíì rí nǹkan ṣe. Ọkọ̀ ojú irin tó kúrò l'Ékòó kì í dé Kánò lọ́jọ́ kan náà, bó bá sì dúró ní Ìkìrun, kò tíì sọnù. Ẹ má fi owó ẹlòmíràn na ọmọ yín. Ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló rò pé Ọlọ́hun torí rẹ̀ fún òun ní ẹ̀bùn, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ wá olùkọ́ tó mọ̀ jù yín lọ fún un. Ẹ jẹ́ kó mọ bí a ti ń gbé fóònù sílẹ̀, kó dá jókòó ti ìwé tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ohun rere, ẹ dúró tì í. Owó dára, a ò sọ pé kó má wá owó, ṣùgbọ́n owó kò lè ṣe iṣẹ́ tí ọkàn ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, kí Ó fojú fo àṣìṣe rẹ̀, kí Ó fi Àlùjánńà ṣe ibùgbé rẹ̀. Kí Ó sì fi iṣẹ́ tí Ó dá ọmọ kọ̀ọ̀kan wa fún hàn án kí ọjọ́ tó lọ. Àmín.