James Joyce: Olùkọ́ tó dé ibi iṣẹ́ tí kò bá iṣẹ́ níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn éjẹ́ǹtì tó ń ṣèlérí iṣẹ́ lókè òkun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1904, ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà òǹkọ̀wé. James Joyce ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Dublin ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1882. Bàbá rẹ̀ jogún ohun ìní, ṣùgbọ́n ó ná an tán, gbèsè sì ń lé wọn láti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Joyce gboyè ní yunifásítì, síbẹ̀ kò ríṣẹ́ gidi ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1904 ni òun àti Nora Barnacle, ọmọ Galway tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan, bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ra. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pinnu láti jọ fi ìlú sílẹ̀ láìṣègbéyàwó, ohun ìtìjú ńlá láyé ìgbà náà.

Obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń bá àwọn olùkọ́ wáṣẹ́ ti fi dá Joyce lójú pé àyè wà fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ Berlitz ní Zurich, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ìlànà Berlitz ni pé èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ nìkan ni kí olùkọ́ máa sọ ní kíláàsì. Nítorí náà, ẹni tí a bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lẹ́nu níye lórí lọ́dọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, wọ́n gbéra pẹ̀lú owó tí Joyce yá kiri. Owó náà kò tó, ní Paris ló tún ti yá òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé Zurich, wọ́n sọ fún un nílé-ẹ̀kọ́ náà pé kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè é. Wọ́n ní kí ó lọ gbìyànjú ní Trieste, èbúté tó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tó ti di ti Ítálì lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀ gan-an, Joyce fi Nora sílẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ kan pé òun ń bọ̀, ó lọ kó sáàárín àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà, àwọn ọlọ́pàá sì kó gbogbo wọn lọ. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin náà, tí kò gbọ́ èdè ìlú, tí kò mọ ẹnikẹ́ni!

Kò sí àyè ní Trieste pẹ̀lú. Pola, ìlú àwọn ọmọ ogun ojú omi, ni iṣẹ́ ti wá bọ́ sí i lọ́wọ́: wákàtí 16 lọ́sẹ̀, owó pọ́n-ùn méjì, àwọn ọ̀gágun ojú omi sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1905, wọ́n gbé e padà sí Trieste, níbi tí wọ́n ti bí àkọ́bí rẹ̀, Giorgio. Stanislaus, àbúrò rẹ̀, wá bá a, òun náà sì di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ká má purọ́, Joyce lápà, ó sì ń mutí. Owó oṣù àbúrò yìí ló gba ilé náà là lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ṣiṣẹ́ báǹkì díẹ̀ ní Róòmù, ó sì padà sí Trieste lọ́dún 1907, níbi tó ti ń lọ láti ilé dé ilé kọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ettore Schmitz, oníṣòwò ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi, tó nílò Gẹ̀ẹ́sì nítorí iléeṣẹ́ wọn tó wà ní London. Ó fi ogún ọdún ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti kọ ìwé ìtàn àròsọ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Ó ti fi kíkọ ìwé sílẹ̀. Joyce kà wọ́n, ó yìn wọ́n gidigidi. Nígbà tí ìwé kẹta rẹ̀ jáde lọ́dún 1923, Joyce ló polongo rẹ̀ fún àwọn lámèyítọ́ ní Paris, orúkọ ìkọ̀wé Schmitz, Italo Svevo, sì di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé lára ìwà Schmitz yìí ni Joyce ti ṣẹ̀dá Leopold Bloom, olú ẹ̀dá ìtàn inú Ulysses, tó jáde lọ́dún 1922.

Ọdún 1931 ni òun àti Nora tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, wọ́n sá kúrò ní Faransé lọ sí Zurich, ìlú tí iṣẹ́ kò ti sí fún un lọ́jọ́ kìíní. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 1941, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.