Cicely Williams: Dókítà tó gbé orúkọ kwashiorkor wọ inú ìwé ìṣègùn, tó sì bá àwọn tó ń ta wàrà agolo fún ìkókó wọ̀yá ìjà

Púpọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ìtàn ogun abẹ́lé Nàìjíríà láàárín ọdún 1967 sí 1970 ló mọ kwashiorkor, àìsàn tó máa ń mú kí ikùn àti ẹsẹ̀ ọmọdé wú, tí irun orí rẹ̀ á sì pọ́n.

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ obìnrin tó kọ́kọ́ gbé orúkọ àìsàn náà wọ inú ìwé ìṣègùn kò pọ̀. Cicely Delphine Williams ni orúkọ rẹ̀. Jamaica ni wọ́n ti bí i, Accra ló ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, Singapore ló sì ti dìde sọ ọ̀rọ̀ tó bí àwọn oníṣòwò wàrà agolo nínú.

Ọdún 1939 ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí, òbí tó ń gbé Mayfair nílùú Johannesburg, tàbí Peckham nílùú London, lè ra ẹ̀rọ tó jẹ́ pé bọ́tìnnì kan péré ni yóò tẹ̀ tí wàrà ọmọ yóò fi dé inú fídà, tó ti pò, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè tí Cicely bi àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ọmọ olóko tó di dókítà

Ní ọjọ́ kejì, Oṣù Kejìlá, ọdún 1893 ni wọ́n bí Cicely sí Kew Park, ní agbègbè Westmoreland ní Jamaica. Ìdílé òyìnbó tó ti ń dá oko ní erékùṣù náà láti ọ̀pọ̀ ìran ni ìdílé rẹ̀. James Rowland Williams, tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ni olùdarí ètò ẹ̀kọ́ ní Jamaica.

Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó lọ kàwé ní England. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 19, ó rí àyè gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Somerville ní Fásítì Oxford, ṣùgbọ́n ó ní láti padà sílé lọ ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìjì líle ti ba nǹkan jẹ́ ní Jamaica. Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1916 ló tó padà sí Oxford láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un. Àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, àyè sì wà nílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Àmọ́ nígbà tó fi máa gba oyè lọ́dún 1923, àwọn ọkùnrin ti dé, iṣẹ́ sì ti di ọ̀wọ́n fún obìnrin tó bá jẹ́ dókítà.

Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Hackney, ní ìlà oòrùn London, níbi tí òṣì ti pọ̀. Ibẹ̀ ló ti yé e pé dókítà tí kò bá mọ inú ilé tí ọmọ ń gbé, ohun tí wọ́n ń fún un jẹ àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kò lè wo ọmọ náà sàn kó sì sàn tán.

Lọ́dún 1929, lẹ́yìn tó kọ́ nípa àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì gbà á síṣẹ́, wọ́n sì rán an lọ sí Gold Coast, orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ìyẹn sì bí i nínú gan-an.

Àwọn ìyá àti nọ́ọ̀sì Ga ló sọ orúkọ àìsàn náà fún un

Ní ilé ìwòsàn Princess Marie Louise ní Accra, Cicely ń rí àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí mẹ́rin tí ara wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, tí inú wọn kò sì dùn sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú. Àwọn dókítà yòókù ní pellagra ni, àìsàn kan tí àìtó fítámì máa ń fà.

Cicely kò gbà. Ó bi àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ìlú léèrè ohun tí àwọn ń pe àìsàn náà. Wọ́n sọ fún un pé kwashiorkor ni, ọ̀rọ̀ èdè Ga tó túmọ̀ sí àìsàn tó máa ń mú ọmọ tí wọ́n bá já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé.

Inú orúkọ yẹn ni ìdí àìsàn náà wà. Ọmọ tó ń mu ọyàn tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí oúnjẹ àgbàdo nìkan, èyí tí kò ní tó nínú èròjà amáradàgbà. Èyí kò ní ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kì í ṣe lásán ni àwọn ìyá àgbà wa fi máa ń bínú sí ọkọ tó bá fún ìyàwó rẹ̀ lóyún nígbà tí ọmọ ọwọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu ọyàn. Wọ́n ti fojú rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lọ́dún 1933, Cicely tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, nígbà tó sì di ọdún 1935, ó kọ̀wé mìíràn sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, níbi tó ti lo orúkọ kwashiorkor gan-an. Hugh Stannus, tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ pellagra ní London, ta ko ohun tó kọ. Obìnrin náà kò yí ohùn padà. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àyẹ̀wò òkú àwọn ọmọ tó kú láti mọ ohun tó pa wọ́n, iṣẹ́ tó léwu ní ayé tí kò tíì sí òògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn bíi ti òde òní.

Ohun kan wà tó yẹ ká fi sọ́kàn kí á tó dé ọ̀rọ̀ Singapore: wàrà agolo wà lára ohun tí Cicely fi tọ́jú àwọn ọmọ tó ní kwashiorkor ní Accra. Kò kórìíra wàrà agolo. Ọmọ tó ti kúrò lẹ́nu ọmú, tí oúnjẹ rere kò sí fún, wàrà náà lè gbẹ̀mí rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìkókó tí ọyàn ìyá rẹ̀ kún, tí ẹnìkan wá ń sọ fún ìyá pé kó gbé e tì.

Àmọ́ òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò rẹ́. Lọ́dún 1936, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní Gold Coast, wọ́n sì gbé e lọ sí Malaya.

Ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú àwọn oníṣòwò

Àìsàn tó bá ní Malaya yàtọ̀ sí ti Accra. Ní Accra, ọmọ tó ti ń rìn ni àìsàn ń mú. Ní Singapore, ìkókó ló ń kú.

Cicely rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ wàrà agolo gba àwọn obìnrin síṣẹ́, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ bíi nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń rán wọn lọ sí ilé àwọn tálákà láti sọ fún àwọn ìyá ọmọ tuntun pé wàrà dídì oníṣúgà dára fún ọmọ wọn ju ọyàn lọ. Ìyá tó bá gbà wọ́n gbọ́ á dá ọmọ lẹ́kun ọyàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọyàn á gbẹ. Lẹ́yìn èyí, kò sí ọ̀nà àtipadà mọ́. Owó wàrà ni, omi ìdọ̀tí ni, ìgò tí kò rí omi gbígbóná ni. Wàrà náà fúnra rẹ̀ kò sì ní gbogbo ohun tí ìkókó nílò.

Lọ́dún 1939, ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore pè é kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìtàn sọ pé alága ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn ló tún jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ Nestlé. Ẹlòmíràn ì bá sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó kó sì jókòó. Cicely pe àkọlé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní Milk and Murder, ìyẹn wàrà àti ìpànìyàn. Ó ní ẹni tó bá ń fi irọ́ tan àwọn ìyá lórí bí wọ́n ṣe máa bọ́ ọmọ yẹ kó jìyà gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn, kí wọ́n sì máa ka ikú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ìpànìyàn.

Fún òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, obìnrin pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ogún ọmọ nínú ẹ̀wọ̀n Changi

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan ya wọ Malaya lọ́dún 1941, Trengganu ni Cicely wà. Ó sá dé Singapore, àmọ́ Singapore náà bọ́ sọ́wọ́ wọn ní Oṣù Kejì ọdún 1942, wọ́n sì kó òun àti àwọn obìnrin mìíràn lọ sí ẹ̀wọ̀n Changi.

Ó di ọ̀kan lára àwọn aṣáájú àwọn obìnrin nínú àgọ́ náà. Lọ́dún 1943, àwọn ọlọ́pàá ológun Japan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ṣe amí, wọ́n sì tì í mọ́ inú ilé kótópó fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú àwọn tó ń kú lọ. Ìyà náà kò tán lára rẹ̀ títí tó fi kúrò láyé, nítorí àìsàn tí àìjẹunrekánú fà ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń sọ nípa ẹ̀wọ̀n yẹn títí dọjọ́ ogbó. Ọmọ 20 ni wọ́n bí síbẹ̀, gbogbo 20 ló mu ọyàn ìyá wọn, gbogbo 20 ló sì yè. Ebi ń pa àwọn ìyá náà gan-an. Kò sí wàrà agolo tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1948, Cicely di ẹni àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní Geneva. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Jamaica, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fásítì Amẹ́ríkà tó wà ní Beirut. Ibi gbogbo tó dé ló ti ń sọ pé kí ìtọ́jú àti ìdènà àìsàn wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú èrò bẹ́ẹ̀ ni dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilésà mú lò ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní nǹkan bí ọdún 1957, níbi tí káàdì tí àwọn ìyá fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà ti gbilẹ̀.

Lọ́dún 1977, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọjà Nestlé nítorí bó ṣe ń polówó wàrà ọmọ ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ìpàdé WHO fọwọ́ sí òfin àgbáyé lórí títa ohun tí wọ́n ń lò dípò ọyàn. Orílẹ̀-èdè 118 ló dìbò bẹ́ẹ̀ ni, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò rárá. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ má ṣe polówó fún aráàlú, kí wọ́n má fún ìyá ní wàrà ọ̀fẹ́ láti fi tọ́ ọ wò, kí òṣìṣẹ́ wọn má sì máa wá àwọn aláboyún àti ìyá ọmọ lọ bá. Ohun tí Cicely rí nínú ilé àwọn tálákà ní Singapore ní ọdún méjìlélógójì ṣáájú gan-an nìyẹn.

Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1990. Ní South Africa, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kòkòrò HIV lè gba inú ọyàn wọ ara ọmọ. Ìjọba ń pín wàrà ọ̀fẹ́ fún àwọn ìyá tó ní kòkòrò náà, títí di ọdún 2011 tí wọ́n pinnu ní Tshwane pé kí wọ́n dá a dúró, kí àwọn ìyá máa lo òògùn kí wọ́n sì máa fún ọmọ lọ́yàn. Ohun tó fà á ni pé ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà ń pa àwọn ọmọ tó ń mu wàrà agolo.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ tó ń po wàrà ti wá dé báyìí. Ó wúlò fún ìyá tó rẹ̀, fún bàbá tó fẹ́ gba ọmọ mú lóru, àti fún ẹni tí ọyàn rẹ̀ kò wá tàbí tó gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi ojú ọ̀daràn wo irú òbí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìyẹ̀fun wàrà inú agolo kì í ṣe ohun tí kòkòrò kankan kò lè sí nínú rẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cronobacter lè wà níbẹ̀, ó sì lè pa ìkókó. Ìdí nìyí tí WHO fi sọ lọ́dún 2007 pé kí omi tí wọ́n máa fi pò ó gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí Celsius, kí wọ́n tó jẹ́ kó tutù fún ọmọ. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń lò kò lè pa kòkòrò náà. Bí ibi tí ìyẹ̀fun ń gbà kọjá bá dí, wàrà tó máa jáde á ṣàn jù, ọmọ á mu yó, kò sì ní sanra. Ìyá tálákà tó ń bu omi kún wàrà kó lè pẹ́ dé ìparí oṣù ń bá ìṣòro kan náà pàdé láìní ẹ̀rọ. Bí iná bá sì lọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ léraléra ní Johannesburg lọ́dún 2023, inú fláàsìkì ni òbí máa padà sí.

Cicely Williams kú ní Oxford ní ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Keje, ọdún 1992. Ẹni ọdún 98 ni. Ilé ìwòsàn Princess Marie Louise ṣì wà ní Accra, ó ti di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé báyìí, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìjẹunrekánú ń bá fínra níbẹ̀.