Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ àti Iṣẹ́ Fínfín Ara Igi

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí Ọlọ́wẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó dàgbà sí, ìlú yìí ni orúkọ rẹ̀ sì rọ̀ mọ́. Ẹmẹ̀sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní ààfin Arínjálẹ̀ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ di agbẹ́gilére àwọn ọba.

Ìpele mẹ́rin ni igi ń là kọjá kí ó tó di ère: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Méjì àkọ́kọ́ ni ó ń yọ ère jáde lára ìtì igi. Dídán ni fífi ọ̀bẹ mú kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fínfín sì ni fífi ṣóńṣó ọ̀bẹ ya irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Níbòmíràn láyé, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń tẹ̀ bọ inú tábìlì kí ó lè rẹwà. Ọ̀bẹ àti ọ̀dà nìkan ni Ọlọ́wẹ̀ fi ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí ó gbẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ọba jókòó sí apá kan. Ní apá kejì, wọ́n gbé Ambrose, àjẹ́lẹ̀ Òyìnbó, bọ̀. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó ju bí a ti ń rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ. Ara wọn kọ ẹ̀gbẹ́, ojú wọn kọ sí ẹni tí ń wò wọ́n. Síbẹ̀, kò fi ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ lófìfo: ó fín in ní ọnà wẹ́wẹ́, ó sì kùn ún.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni ó gbà dípò rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ní Ọlọ́wẹ̀ nítòsí kò lè ṣaláìní ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni agbẹ́gilére náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ kò bá a débẹ̀.

Ó kú ní ọdún 1938. Ọdún 1944 ni Allison tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria. Nílé, oríkì kò jẹ́ kí orúkọ náà parẹ́. Ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì ń kì í fún àwọn olùwádìí. Ní ọdún 1998, wọ́n ṣe ìpàtẹ kan ní Washington fún iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Àwo olómorí kan tí ó gbẹ́ wà ní ìlú yẹn. Obìnrin mẹ́rin ń jó lórí ọmọrí rẹ̀. Lábẹ́ àwo, láàrin àwọn ère tí ó gbé e ró, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń yí gbiri, kò sì ṣeé yọ, nítorí inú igi kan ṣoṣo náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Àlàfo tóóró tí ó wà láàrin àwọn ère ni ó ki ọ̀bẹ bọ̀.